Ọkọ̀ Tí Ó Ń Làágùn

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé etí ọkọ̀ tí wọ́n wọ́ gúnlẹ̀ ga ju orí mi lọ, iṣẹ́ kan wà ní èbúté Agbóyì tí ó jẹ́ pé ọmọdé nìkan ni àwọn àgbà ń gbé e lé lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gba ojú títì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbóyì láìmọ ibẹ̀. Ẹ rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, ẹ rí koríko tí ó bo ojú omi bí ẹní, ẹ sì rò pé bí ó ti wà láti ilẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo wí náà, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń ṣe é kò lè mọ ohun tí a pàdánù nígbà tí a kò ṣe é mọ́.

Apẹja ni bàbá mi. Apẹja ni bàbá tí ó bí i lọ́mọ. Ìyá mi ni ó ń yan ẹja tí bàbá mi bá kó bọ̀, òun náà ni ó ń gbé e gun ọkọ̀ sọdá lọ sí ọjà Kétu. Ilé kan kọjú sí ilé wa gan-an, àtẹ̀gùn kan náà ni a jọ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sí odò. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ bàbá mi ni ó ni ín, àwa ọmọdé kì í sì í pè é ní orúkọ mìíràn ju Bàbá Ọ̀kánkán lọ. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, aláwàdà, tí ó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín níbi òkú. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Àwa méjèèjì ni a jọ ń pọn omi, àwa ni a jọ ń ha ìpẹ́ ẹja, àwa ni wọ́n sì jọ máa ń nà.

Ọjọ́ kan wà nínú ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju àwọ̀n. Àwọn àgbà a máa sọ pé omi ń sùn lọ́jọ́ náà. Àmọ́ àwọn ènìyàn kò sùn ní tiwọn. Láti òwúrọ̀ ni àwọn ọkùnrin yóò ti wọ́ gbogbo ọkọ̀ jáde, tí wọn yóò gbé wọn ka orí ìtì igi kí ìsàlẹ̀ wọn má kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin àti ọmọdé yóò tò láti etí odò, tí a óò máa na garawa àti igbá sí ara wa, tí a óò máa da omi sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kún. Àlejò tí ó bá rí wa yóò rò pé orí wa ti dàrú: ẹ̀dá wo ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi sínú ọkọ̀? Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Bí ọkọ̀ bá wà lórí omi, omi ni ó ń wá ọ̀nà wọlé, ẹ kò sì ní mọ ibi tí ó gbà títí yóò fi dé orúnkún yín. Bí omi bá wà nínú ọkọ̀ tí ọkọ̀ sì wà lórí ìyàngbẹ ilẹ̀, omi ni ó ń wá ọ̀nà jáde, yóò sì fi ọ̀nà náà hàn yín.

Iṣẹ́ tiwa bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. A óò rá wọ abẹ́ ọkọ̀, a óò fi àtẹ́lẹ́wọ́ wá ojú ìfarakanra pákó láti iwájú dé ìdí. Ihò ńlá kò nílò ọmọdé. Ojú lásán rí i. Ohun tí a ń wá ni ọ̀rinrin tí kò tíì di ẹ̀kán, ibi tí igi kàn tutù díẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọwọ́ àwọn bàbá wa kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí pé àjẹ̀ àti okùn àwọ̀n ti sọ àtẹ́lẹ́wọ́ wọn di awọ bàtà. Bí ọwọ́ wa bá kan irú ibẹ̀, a óò ké pé, “Ó ń làágùn!” Kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ọkọ̀ tí ó bá ti làágùn kò gbọ́dọ̀ rí omi lọ́la. Wọn yóò tú ojú ibẹ̀, wọn yóò fi òwú dí i, wọn yóò fi ọ̀dà gbígbóná lẹ̀ ẹ́, yóò sì wà lórí ìtì igi títí àtẹ́lẹ́wọ́ ọmọdé yóò fi dá a láre.

Òfin kan ṣoṣo tí ó le níbẹ̀ ni pé ọmọ ilé kan kì í yẹ ọkọ̀ ilé wọn wò. Ọmọ ọ̀kánkán ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ebi ilé ẹni lè mú kí ọwọ́ ẹni gbẹ. Ọmọ Bàbá Ọ̀kánkán ni ó ń yẹ ọkọ̀ wa wò, èmi ni mo sì ń yẹ tiwọn. Ẹ kò lè mọ bí ó ti dùn tó láti dìde lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn kí a sì máa pariwo kiri èbúté pé, “Ọkọ̀ bàbá rẹ ń tọ̀ sílé!” Bàbá Ọ̀kánkán a dáhùn pé, “Ẹ jẹ́ kó tọ̀, ó ṣì kéré ni.” Gbogbo èbúté yóò gba ẹ̀rín. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ làágùn lè bínú fún ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹja tí àwọn yòókù bá pa lọ́la, wọn yóò bù fún un nínú rẹ̀, nítorí pé tiwọn náà yóò làágùn lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ẹlẹ́ńjìnnì dé. Ará òkè odò ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí ní apá Kétu, ó sì fẹ́ ẹja púpọ̀ lójoojúmọ́. Ó ra àwọn ọkọ̀ igi bíi tiwa, ó kan pákó lé wọn lórí kí wọ́n lè ga, ó sì gbé ẹ̀ńjìnnì kọ́ ìdí wọn. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ń gba òṣìṣẹ́. N kò ní parọ́ mọ́ àwọn bàbá wa: inú wọn dùn. Àjẹ̀ wíwà láti Agbóyì títí dé ibi tí ọ̀sà ti fẹ̀ jẹ́ ìyà. Ẹ̀ńjìnnì dé ibẹ̀ kí tábà ẹnu àgbàlagbà tó tán. Lójú wọn, ẹni tí ó ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òwú, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dà, nítorí pé ọlọ́kọ̀ ni yóò máa tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Bàbá mi di ẹni tí ó ń jókòó ní ìdí, tí ó ń di ọwọ́ ẹ̀ńjìnnì mú, ọkùnrin méjì sì ń bá a ju àwọ̀n. Ọkọ̀ tirẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó là nínú oòrùn. Nígbà tí ó yá, ìyá mi fi í dáná ẹja.

Bàbá Ọ̀kánkán kò tètè ríṣẹ́ gbà. Ìgbà tí òun náà fi pinnu láti wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, àyè ti kún. Ọkọ̀ tirẹ̀ sì ti gbó kọjá àtúnṣe, kò sì sí ẹni tí yóò bá a gbẹ́ òmíràn, nítorí pé àwọn agbẹ́kọ̀ ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté lójoojúmọ́ láti wò bóyá òṣìṣẹ́ kan kò wá, kí òun lè rọ́pò rẹ̀. Ó ń pa wá lẹ́rìn-ín síbẹ̀síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun ní ilé wa lemọ́lemọ́.

Ọ̀gá kò mọ ọjọ́ tí omi ń sùn. Ó ní yìnyín òun kì í sùn. Ọjọ́ náà kú díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tí ó kéde ikú rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kan ọkọ̀ kan jáde, ọ̀sẹ̀ kejì méjì jáde, títí ó fi jẹ́ pé àwọn arúgbó nìkan ni wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ wọn sókè. Ìyá mi ni kò jẹ́ kí bàbá mi sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ìdí tí a gbẹ́ fún àjẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀ńjìnnì kọ́, ó sì ń gbọ̀n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìṣó wo ni kò ní tú? Bàbá mi a dáhùn pé, “Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni.” Ìyá mi ní, “Mo gbọ́. Ọlọ́kọ̀ ló ni igi, èmi ni mo ni ẹni tó jókòó lé e.”

Ní ọdún Iléyá kan, ọ̀gá lọ sí ìlú rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ sì wà nílẹ̀. Kí bàbá mi tó dé láti yídì, ìyá mi ti kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n sì ti ń na garawa. Wọ́n da omi kún ọkọ̀ tí bàbá mi ń wà. Nítorí pé ọkọ̀ náà kì í ṣe ti ilé kankan nínú wa, wọ́n ní ọmọ ilé méjì ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni má baà rí i jiyàn. Èmi rá wọlé láti ọ̀tún, ọmọ Bàbá Ọ̀kánkán láti òsì. Iwájú gbẹ. Àárín gbẹ. Ní ìdí, lábẹ́ ibi tí ẹ̀ńjìnnì gbé kọ́ gan-an, ọwọ́ èmi àti tirẹ̀ pàdé lójú ibì kan náà, a sì wo ara wa. Ibẹ̀ tutù bí imú ajá. Lọ́jọ́ náà a kò pariwo. Ọmọ Bàbá Ọ̀kánkán ni ó kọ́kọ́ rá jáde, ó sì rọra sọ ọ́ bí ìgbà tí a ń túfọ̀: “Ó ń làágùn.”

Nígbà tí ọ̀gá dé, bàbá mi sọ fún un láti inú ọkọ̀, lójú gbogbo ènìyàn ní èbúté. Mo wà níbẹ̀, mo ru ẹja tútù lórí.

Ọ̀gá ní, “Ta ló ní kí ẹ bu omi sínú ọkọ̀ mi? Ṣé ìkòkò ni?”

“Ọ̀gá, ẹ máà bínú. Ìdí rẹ̀ ló ń làágùn. Ẹ jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà tú pákó yẹn kó tún un kàn.”

“Kí yìnyín mi máa yọ́ sílẹ̀? Ẹ fi ọ̀dà pa á lójú, kó máa lọ.”

“Ọ̀dà òkè kò mú un, ọ̀gá. Láti inú ni.”

Ọ̀gá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Kò ṣe bí ẹni ibi. Ohun tí ó mú kí n máa rántí rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ lọ jókòó ti ìyàwó yín nídìí ààrò, kí ẹ máa bá wọn yí ẹja. Àwọn tó ń wá àyè yín kò lóǹkà.”

Bàbá mi fi ọwọ́ ẹ̀ńjìnnì sílẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé kò ju àṣà wa lọ: ọkọ̀ tí ó bá làágùn, kò sí ọmọ Agbóyì tí yóò wọ̀ ọ́. Bí gbogbo èbúté bá dúró, ọ̀gá yóò tún ọkọ̀ ṣe. Kò sí ọ̀nà mìíràn fún un. Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin. Àwọn ọkùnrin ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Àwọn méjèèjì tí wọ́n ń bá a ju àwọ̀n kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà náà ni Bàbá Ọ̀kánkán ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó sì wọ inú omi lọ sídìí ọkọ̀.

Bàbá mi ní, “Ìwọ kẹ̀? Ọmọ rẹ ló fọwọ́ kàn án!”

“Mo gbọ́.”

“Ó ń làágùn, mo ní.”

“Bó bá làágùn, n óò nù ún.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo súnmọ́ wọn, mo gbọ́ ọ. “Bí mi ò bá lọ, ẹlòmíràn á lọ. Bí ẹlòmíràn bá lọ, kí ni n óò gbé lé iná?”

Bàbá mi yẹ̀ fún un. 

Ọkọ̀ náà lọ, ó bọ̀. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Kí ẹ mọ̀ pé èyí ni ó burú jù, nítorí pé bí ó ti ń bọ̀ ni àwọn ènìyàn ń wo bàbá mi bí ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́ja. Ìgbà tí òjò dé, tí ìgbì ọ̀sà sì le, ni ìdí ọkọ̀ já kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Àwọn méjì tí wọ́n wà níwájú di igi tí ó léfòó lójú àwọ̀n mú, àwọn tí ń pa edé nítòsí sì fi ọkọ̀ wọn kó wọn. Ẹni tí ó jókòó ní ìdí bá ẹ̀ńjìnnì lọ. Ọ̀sà kò dá a padà.

Ọ̀gá wá kí ìyàwó Bàbá Ọ̀kánkán. Ó gbé àpò gààrí wá, ó sì kí i dáradára. Ó ní iṣẹ́ omi ni, kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tirẹ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀, kò sí ẹni tí wọ́n lè fi ẹjọ́ sùn, kò sì sí ẹni ní èbúté tí ó lanu, nítorí pé gbogbo wọn ni wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi bi mí léèrè nídìí ààrò wa, bí a ti ń ha ìpẹ́ ẹja, pé, “Ṣé bàbá mi kò gbà wá gbọ́ ni?” Mo ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Gbogbo wa mọ̀. Ó gbà wá gbọ́. Ó gbà wá gbọ́, ó sì lọ.

Kí òjò ọdún náà tó dá, bàbá mi ti padà sídìí ẹ̀ńjìnnì, nínú ọkọ̀ ọ̀gá mìíràn. Kò jẹ́ kí a da omi sí i. Ó ní ohun tí òun kò bá mọ̀ kò ní bá òun jókòó nínú ọkọ̀. Omi kò pa á. Orí ibùsùn ni ó kú sí, ó ti darúgbó. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà lọ, n kò tún rí ọmọdé kankan lábẹ́ ọkọ̀.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin náà ń rí i. Àwọn tí ń fa yanrìn ti gbẹ́ odò náà jìn débi pé kò sí ẹni tí ó mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Tòmátì tí ó bà jẹ́ ní Mile 12 àti ọ̀rá omi tútù ni ó ń ṣàn kọjá níbi tí a ti ń ju àwọ̀n. Ọmọ apẹja ń gun ọ̀kadà ní Ìkòsì, òmíràn ń ti ọmọlanke lọ́jà. Ìbá jẹ́ ìtùnú fún mi pé wọ́n ti kúrò lórí omi, bí wọ́n bá kúrò tán.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ-ọmọ Bàbá Ọ̀kánkán, wá kí mi ní ilé mi ní Ìkòsì. Géńdé ọkùnrin ni, ó ti ka ìwé, ó ti wá iṣẹ́ títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní wọ́n ti gba òun sínú ọkọ̀ irin ńlá kan tí ó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun, ọ̀la ni wọn yóò lọ. Mo bi í pé ta ni ó ń yẹ ọkọ̀ náà wò.

“Wọ́n ní wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, Màmá.”

“Àwọn wo?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín bàbá àgbà rẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹni tí kò rí rí. Mo bi í nípa jákẹ́ẹ̀tì tí ó ń mú ènìyàn léfòó. Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n inú yàrá ọ̀gá ọkọ̀ ni wọ́n tì í mọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà bà á jẹ́. Mo ní kí ó máà lọ. Mo sọ ọ́ láìfi èdè yípo, bí àgbà ṣe ń sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Màmá, bí mi ò bá lọ, ẹlòmíràn á lọ.”

N kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún un rí. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ọ; èmi àti bàbá mi nìkan ni a wà nítòsí lọ́jọ́ náà. Mo na ọwọ́ mi sí i. Ó rò pé àdúrà ni, ó sì tẹ orí rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ mi, mo sì gbé àtẹ́lẹ́wọ́ lé iwájú orí rẹ̀. Ọwọ́ mi ti gbó, ṣùgbọ́n kò tíì di awọ bàtà.

Ibẹ̀ tutù. Ó ń làágùn.

Mo wo àyíká yàrá. Kò sí ẹni tí mo lè ké e sí létí. Mo ṣe àmín sí àdúrà tí n kò gbà, mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.